Báwo Ni Ohun Tó Ń Dí Iná Lọ́nà Ṣe Tún Ń Ràn Án Lọ́wọ́?

ÌBÉÈRÈ

Jẹnẹrétọ̀ àti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni mo ń tún ṣe ní Igbókòdá, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń wé kọ́ìlì. Ọmọ mi tó ń kẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ní yunifásítì Okìtìpupa wá sílé, ó sì ń ṣàlàyé ohun kan tí wọ́n ń pè ní súpákọ̀ńdọ́tọ̀ fún mi. Ó ní iná ń gba inú rẹ̀ kọjá láìsí ìdènà rárá. Mo bi í pé kí ló ń fa ìdènà inú wáyà, ó ní àwọn átọ̀mù inú bàbà ló ń gbọ̀n, gbígbọ̀n wọn ló ń da ẹ̀lẹ́kítírọ́nì láàmú. Ìyẹn yé mi, torí mo mọ̀ pé kọ́ìlì tó bá ti gbóná jù kì í ṣe dáadáa mọ́. Àmọ́ nígbà tó wá sọ pé gbígbọ̀n àwọn átọ̀mù yìí kan náà ló ń so ẹ̀lẹ́kítírọ́nì pọ̀ ní méjì-méjì kí ìdènà tó lè tán, mo ní kó dúró ná. Báwo ni ọ̀tá ṣe tún di alárinà? Ó tún ní nínú irú kan tí wọ́n fi bàbà àti ọ́síjìn ṣe, àwọn méjì-méjì yẹn máa ń yọjú kí ìdènà tó tán, wọn á sì tún pòórá. Bí wọ́n bá ti wà níbẹ̀, kí ló dé tí ìdènà kò tíì tán? Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn.

Atúnjẹnẹrétọ̀-ṣe kan, Igbókòdá

ÌDÁHÙN

Kò sí ohun tí a máa bínú sí. Ibi tí ẹ ti ní kí ọmọ yín dúró ná yẹn, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti há mọ́ àwọn àgbà onífísíìsì lọ́wọ́ fún ọdún 46. Ní 1911 ni Heike Kamerlingh Onnes rí i ní ìlú Leiden, ní Netherlands, pé ìdènà inú mẹ́kúrì pòórá pátápátá nígbà tó mú un tutù dé nǹkan bí ìwọ̀n 269 Sẹ́lísíọ̀sì nísàlẹ̀ òdo. Ọdún 1957 ni àwọn ará Amẹ́ríkà mẹ́ta, John Bardeen, Leon Cooper àti Robert Schrieffer, tó rí àlàyé tó mọ́yán lórí fún un.

Ẹ jẹ́ kí n tún ìbéèrè yín sọ, kí n lè mọ̀ pé ó yé mi. Bí gbígbọ̀n átọ̀mù bá ń ba ìrìn iná jẹ́ nínú wáyà, kò bọ́gbọ́n mu lójú yín pé gbígbọ̀n yẹn náà ni yóò ṣe àtúnṣe. Bí ẹ̀lẹ́kítírọ́nì bá sì ti so pọ̀ ní méjì-méjì, ẹ rò pé ó yẹ kí iṣẹ́ ti parí. Ọmọ yín kò parọ́, ẹ̀yin náà kò sì ṣì í gbọ́. Gbígbọ̀n méjì ló wà nínú irin, bóyá ọmọ yín kàn gbàgbé láti yà wọ́n sọ́tọ̀ fún yín ni.

Àkọ́kọ́ ni èyí tí ooru ń fà. Ooru kì í jẹ́ kí átọ̀mù dúró jẹ́ẹ́. Kálukú wọn ń gbọ̀n níbi tó wà, láìsí ètò, láìsí ẹni tó rán an. Bí ooru bá ṣe ń pọ̀ ni gbígbọ̀n yìí ń le, ẹ̀lẹ́kítírọ́nì tó bá ń kọjá á máa bá rúdurùdu náà pàdé, á máa yà kúrò lójú ọ̀nà, agbára tó ń gbé lọ á sì máa di ooru. Ẹ ti fọwọ́ ara yín kan èyí. Wáyà bàbà tó bá kúrò ní ìwọ̀n 20 tó gòkè dé ìwọ̀n 120, ìdènà inú rẹ̀ á fi nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 lé sí i. Bí kọ́ìlì ṣe ń gbóná ni ó túbọ̀ ń rí ohun tí yóò mú un gbóná.

Ìkejì ni èyí tí ẹ̀lẹ́kítírọ́nì fúnra rẹ̀ ń fà bó ṣe ń kọjá lọ. Ẹ wo àwọn afárá pákó tí àwọn ará etí omi ń gbà láti ilé dé ilé, ní Ugbònlà, tàbí ní Ayétòrò kí òkun tó gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí àwọn ọmọdé bá ń fò sókè sódò lórí afárá bẹ́ẹ̀, àgbàlagbà kankan kò lè rìn gbọọrọ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pe ìyẹn ní gbígbọ̀n ti ooru. Nígbà tó bá wá di òru, tí àwọn ọmọ ti lọ sùn, ẹnì kan ṣoṣo sáré kọjá. Pákó tẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni náà ti lọ, ṣùgbọ́n pákó kò tíì dìde padà. Bí agolo kan bá ń yí bọ̀ lẹ́yìn, ibi tó tẹ̀ yẹn ni yóò kọrí sí. Ẹni tó sáré kọjá kò pè é, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ń bọ̀. Pákó ló so wọ́n pọ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nínú irin nìyẹn. Ẹ̀lẹ́kítírọ́nì fúyẹ́, ó sì yára. Átọ̀mù wúwo jù ú lọ ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ó sì ń lọ́ra. Bí ẹ̀lẹ́kítírọ́nì bá kọjá, àwọn átọ̀mù ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà á sún mọ́ ipa rẹ̀ díẹ̀, nítorí pé irú iná tó wà lára wọn àti tirẹ̀ ń fa ara wọn. Kí wọ́n tó sún tán, ó ti jìnnà. Àwọn átọ̀mù tó ti kó jọ síbẹ̀ ni yóò wá máa fa ẹ̀lẹ́kítírọ́nì kejì. Ẹ̀lẹ́kítírọ́nì méjì kì í fẹ́ra, ńṣe ni wọ́n ń ti ara wọn dànù. Àmọ́ nítorí pé èkíní ti lọ kí èkejì tó dé, wọ́n lè máa bára wọn rìn láìfojú kanra.

Nítorí náà, ọ̀gá, otútù ń pa gbígbọ̀n àkọ́kọ́, kò sì pa ìkejì. Gbígbọ̀n ti ooru ni ọ̀tá tí ẹ mọ̀. Èyí tó ń so méjì pọ̀ kò dúró de ooru rárá; ẹ̀lẹ́kítírọ́nì tó ń kọjá ló ń dá a sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, á sì tún parẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí àwọn méjèèjì fi jọ ni pé ìtò átọ̀mù kan náà ni wọ́n ń lò.

Tí ẹ bá ń fẹ́ ẹ̀rí, àwọn irin tí ẹ mọ̀ ló ní in. Bàbà, fàdákà àti wúrà ló ń gbé iná jù nínú àwọn irin, kò sì sí ẹni tó tíì rí i kí ìdènà tán nínú èyíkéyìí nínú wọn, bó ti wù kí wọ́n mú un tutù tó. Òjé ńkọ́? Ìdènà òjé tó nǹkan bí ìlọ́po 12 ti bàbà ní ìwọ̀n ìgbóná inú ilé, kò sí ẹni tó máa fi wé kọ́ìlì. Ṣùgbọ́n bí òjé bá tutù dé nǹkan bí ìwọ̀n 266 nísàlẹ̀ òdo, ìdènà rẹ̀ á di òfo. Ìtò átọ̀mù òjé rọ̀, ó ń tètè tẹ̀ fún ẹ̀lẹ́kítírọ́nì. Nígbà tí ooru bá wà, ìyẹn ń dà á láàmú, nígbà tí ooru bá lọ, ìyẹn kan náà ń so ó pọ̀ mọ́ ẹnì kejì. Ti bàbà le. Kò yọ iná lẹ́nu púpọ̀, kò sì ràn án lọ́wọ́ púpọ̀. Ẹ̀rí mìíràn wá ní 1950, nígbà tí wọ́n fi mẹ́kúrì tí átọ̀mù rẹ̀ wúwo díẹ̀ rọ́pò mẹ́kúrì tó fúyẹ́. Ohun gbogbo bákan náà, àfi ìwúwo yẹn, síbẹ̀ èyí tó wúwo ní láti tutù díẹ̀ sí i kí ìdènà rẹ̀ tó tán. Bí gbígbọ̀n átọ̀mù kò bá lọ́wọ́ sí i, kí ni ìwúwo átọ̀mù ì bá máa wá níbẹ̀?

Ìdajì ìbéèrè yín nìyẹn. Kí a tó dé ìdajì kejì, ohun kan wà tí a sábà máa ń fò nígbà tí a bá ń sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́, bóyá ohun tó sì ṣẹlẹ̀ sí ọmọ yín nìyẹn. Kì í ṣe síso pọ̀ ní méjì ló ń lé ìdènà lọ. Ohun tó ń lé e lọ ni pé gbogbo àwọn méjì inú irin náà, láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, jọ bọ́ sí ìrìn kan ṣoṣo, tí ẹsẹ̀ gbogbo wọn ń lọ tí ó ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tó bá rí bẹ́ẹ̀, ìdíwọ́ kékeré kan kò lè dá méjì kan dúró láìdá gbogbo wọn dúró, kò sì ní agbára tó tó bẹ́ẹ̀. Méjì-méjì tí kò tíì gbà láti jọ rìn kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ẹ̀lẹ́kítírọ́nì lásán. Wọ́n lè dín ìdènà kù. Wọn kò lè pa á tán.

Nínú òjé àti mẹ́kúrì, síso pọ̀ àti jíjọ rìn máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹni tó máa ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Nínú méjì kọ̀ọ̀kan inú òjé, ẹnì kìíní jìnnà sí ẹnì kejì débi pé àlàfo tó wà láàárín wọn gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún méjì mìíràn. Wọ́n ti wọ inú ara wọn, kò sí èyí tó lè dá tirẹ̀ ṣe.

Ohun tí ọmọ yín ń sọ yàtọ̀. Ọdún 1986 ni Georg Bednorz àti Alex Müller, ní ilé ìwádìí IBM lẹ́bàá Zürich ní Switzerland, rí ìdènà tó tán nínú ohun kan tí wọ́n fi lanthanum, barium, bàbà àti ọ́síjìn ṣe. Kúpíréètì ni wọ́n ń pe ẹbí rẹ̀. Kì í ṣe irin. Ìyẹ̀fun tí wọ́n pò tí wọ́n sì sun nínú ààrò ni, ó dúdú, ó sì tètè ń fọ́. Bí wọn kò bá fi ohun mìíràn lú u, kì í gbé iná rárá, ohun tí ẹ lè fi dábòòbò wáyà ni. Nǹkan bí ìwọ̀n 238 nísàlẹ̀ òdo ni ìdènà inú tiwọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá. Ọdún kejì, 1987, Paul Chu, Maw-Kuen Wu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà lo yttrium dípò lanthanum, ó sì fò dé ìwọ̀n 180 nísàlẹ̀ òdo. Ẹ má wo iye náà bí ohun kékeré. Náítírójìn olómi, tí a ń fà jáde láti inú afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí, tutù dé ìwọ̀n 196 nísàlẹ̀ òdo, nítorí náà kò sí ìdí láti lo hílíọ̀mù olómi olówó gọbọi tí wọ́n fi ń mú àwọn ti tẹ́lẹ̀ tutù mọ́. Wọ́n fún Bednorz àti Müller ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1987 yẹn náà, kò tó ọdún méjì tí wọ́n gbé iṣẹ́ wọn jáde.

Nínú kúpíréètì, pẹlẹbẹ bàbà òun ọ́síjìn ni iná ń gbà, pẹlẹbẹ lórí pẹlẹbẹ, àwọn yòókù kàn ń gbé wọn ró ni. Àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́nì tó so pọ̀ nínú rẹ̀ sún mọ́ra gan-an, àwọn méjì náà kò sì pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni pẹlẹbẹ kan kò fi bẹ́ẹ̀ di èkejì mú. Èyí ló fà á tí síso pọ̀ fi rọrùn ju jíjọ rìn lọ. Bí ó ṣe ń tutù bọ̀, tí kò tíì dé ibi tí ìdènà ti ń tán, méjì kan á so pọ̀ níhìn-ín, á máa tẹ ẹsẹ̀ tirẹ̀. Òmíràn á yọ lọ́hùn-ún, á máa tẹ ẹsẹ̀ tirẹ̀. Kò tó ìdá kan nínú bílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú-àáyá tí wọn yóò fi tú ká, tí àwọn mìíràn yóò tún so pọ̀ níbòmíràn. Yíyọjú àti pípòórá tí ọmọ yín sọ nìyẹn. Ìdènà ti ń dín díẹ̀díẹ̀ lásìkò yìí. Lev Aslamazov àti Anatoly Larkin, ará Soviet Union, ti ṣírò rẹ̀ láti 1968, kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ nípa kúpíréètì. Ó di ìgbà tó bá tutù tó kí gbogbo wọn tó gbà fún ẹsẹ̀ kan, ìgbà yẹn ni ìdènà tó tán.

Ẹ lè bi mí pé ta ló rí ohun tí kò lo ìdá bílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá. Ní yunifásítì Princeton, ní Amẹ́ríkà, N. Phuan Ong àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo ọgbọ́n kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2000. Wọ́n mú ẹ̀là kúpíréètì tó jẹ́ ti lanthanum, wọ́n mú kí apá kan gbóná ju apá kejì lọ, wọ́n sì fi agbára mágínẹ́ẹ̀tì gbá a láti òkè wá sísàlẹ̀. Níbi tí àwọn méjì bá wà, agbára mágínẹ́ẹ̀tì máa ń dá àwọn ìyípo kéékèèké sílẹ̀ láàárín wọn. Àwọn ìyípo náà á máa lọ láti ibi gbígbóná sí ibi tútù, ìrìn wọn á sì gbé fólítéèjì díẹ̀ jáde ní ẹ̀gbẹ́. Ohun tó yà wọ́n lẹ́nu ni pé fólítéèjì ẹ̀gbẹ́ yìí kò kú nígbà tí ìdènà padà dé. Wọ́n ń mú un gbóná lọ, ó ń dín lọ, ṣùgbọ́n ó ṣì wà. Àwọn mìíràn tó fi ìgbì iná tó yára gan-an wọ̀n ọ́n sọ pé àwọn méjì náà kì í kọjá ìwọ̀n bíi 15 tàbí 20 lókè ibi tí ìdènà ti ń tán. Àwọn ti Princeton ní ó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lójú tèmi, púpọ̀ nínú àríyànjiyàn yìí wá láti inú ohun tí kálukú fi ń wọ̀n: ohun tó ń gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ díẹ̀ yóò gbọ́ ju ohun tó nílò ariwo lọ.

Ọmọ yín yóò tún bi yín pé, ṣé gbígbọ̀n átọ̀mù ló ń so méjì pọ̀ nínú kúpíréètì náà? Ẹ sọ fún un pé ó lọ́wọ́ sí i, àmọ́ kò jọ pé òun nìkan ló ń ṣiṣẹ́ náà. Wọ́n ṣe irú ìdánwò mẹ́kúrì yẹn lára kúpíréètì yttrium ní 1987, wọ́n fi ọ́síjìn tó wúwo rọ́pò èyí tó fúyẹ́. Bó bá jẹ́ pé gbígbọ̀n ọ́síjìn ló ń dá gbogbo rẹ̀ ṣe, ibi tí ìdènà ti ń tán ì bá fi ìwọ̀n bíi 5 sọ̀kalẹ̀. Kò sọ̀kalẹ̀ tó ìwọ̀n 1. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń wo agbára mágínẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín àwọn átọ̀mù bàbà gẹ́gẹ́ bí aṣiṣẹ́ pàtàkì, wọn kò sì tíì fẹnu kò títí di òní. Síbẹ̀, bí ẹ bá dín ohun tí wọ́n fi lu kúpíréètì kù, ipa ìwúwo ọ́síjìn á tún pọ̀ sí i. Gbígbọ̀n náà sì mọ̀ nígbà tí àwọn méjì bá dé: ọ̀kan nínú gbígbọ̀n ọ́síjìn inú kúpíréètì yttrium máa ń yí ìyára rẹ̀ padà bí ìdènà bá ti ń tán, a sì ń fi ìmọ́lẹ̀ lésà kà á bí ẹni ń ka mítà.

Ìròyìn tó dùn mọ́ mi jù lórí ọ̀rọ̀ yìí wá láti Hamburg, ní Jámánì, ní 2014. Ẹgbẹ́ àwọn onífísíìsì tí Andrea Cavalleri darí tan ìmọ́lẹ̀ tí ojú ènìyàn kò lè rí sára kúpíréètì yttrium, wọ́n yàn án kó lè mi ọ́síjìn kan pàtó jìgìjìgì. Fún ìgbà kúkúrú tí kò ṣe é fojú inú wò, ohun náà ń dá ìmọ́lẹ̀ padà bí ẹni tí ìdènà rẹ̀ ti tán, ní ìgbóná tó ga ju èyí tí ìdènà rẹ̀ ti ń tán lọ fíìfíì. Àwọn kan ní ńṣe ni mímì náà mú kí àwọn méjì tó ti ń yọjú tẹ́lẹ̀ gbà fún ẹsẹ̀ kan. Àwọn mìíràn ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé ohun tí wọ́n rí ní ìtumọ̀ mìíràn. Èmi kò tíì gbè sí apá kankan.

Ní ti bóyá irú wáyà yìí lè dé ọ̀dọ̀ yín: ní 2014 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọ̀kan nílùú Essen ní Jámánì, kéébù kúpíréètì tó gùn ní kìlómítà 1, tí náítírójìn olómi mú tutù, tó gbé iná ní fólítì 10,000 níbi tí wọn ì bá ti lo 110,000. Kò ṣe é fi yìnyín tí wọ́n ń kó sí ẹja ní ọjà Igbókòdá ṣe o, ìyẹn kò tutù ju òdo lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìdènà inú wáyà ló fi gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó sínú òkùnkùn fún ọdún gbọọrọ. Ilé iṣẹ́ amúnáwá Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ wà ní agbègbè Okìtìpupa, wáyà bàbà tàbí alumíníọ́mù lásán tó láti gbé iná dé etí òkun.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ọmọ yín rí apá àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú ojú ara rẹ̀, ẹ jẹ́ kó wọn ìdènà kọ́ìlì rótọ̀ ní òwúrọ̀ kí jẹnẹrétọ̀ tó ṣiṣẹ́. Rótọ̀ ló dára jù, torí wáyà rẹ̀ tín-ín-rín, ó sì gùn, mítà á lè kà á. Ẹ tan ẹ̀rọ náà fún wákàtí kan, ẹ pa á, kí ó sì tún wọ̀n ọ́n kíákíá kí ooru tó lọ. Kí ó ṣírò ìdá 4 nínú 1,000 fún ìwọ̀n ooru kọ̀ọ̀kan tó lé, yóò lè sọ bí kọ́ìlì yín ṣe gbóná tó nínú láìfọwọ́ kàn án.